Òkun Kì Í Ṣe Odò Àsà

Ẹ ti pinnu láti lọ. Mo mọ̀. Ìdánwò ti parí, owó díẹ̀ ti wà lọ́wọ́, ẹnì kan ti kó gbogbo yín jọ sórí WhatsApp. Ẹ ti ń jiyàn lórí aṣọ tí ẹ máa wọ̀ létí òkun àti ẹni tó máa ya fọ́tò. Kò sí ẹnì kankan tó ń jiyàn lórí bí ẹ ṣe máa padà sílé. Ọ̀rọ̀ tèmi nìyẹn.

N kò ní kí ẹ má lọ sí Èkó. Ọmọ Ìlọrin tó wà níbẹ̀ kò lóǹkà. A ń tajà ní Ìdúmọ̀tà, a ń ta ẹran ní Kara, a ń bímọ, a ń kọ́lé. Àmọ́ ìlú tó wà láàrin omi ni Èkó. Òkun wà níwájú rẹ̀, ọ̀sà wà lẹ́yìn rẹ̀, òjò wà lórí rẹ̀. Ẹ̀yin kò mọ omi. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n bí yín sí, ní Pàkátà, ní Adétà, ní Òkè-Lélé, ní Tanke. Omi tí ẹ mọ̀ ni odò Àsà, tí ẹ ń gba orí afárá rẹ̀ kọjá láì bojú wolẹ̀. Ẹni tó bá fi ojú odò Àsà wo òkun, òkun á gbé e lọ.

Ewu wà. N kò ní jókòó bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìyẹn. Ibi tí ẹ ti ń ṣìnà ni bó ṣe jìnnà tó. Ẹ rò pé ọ̀gbun ló wà, níbi tí omi ti bo orí. Irọ́ ni. Níbi tí omi ti mu yín dé orúnkún ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ rò pé òru ló wà. Irọ́ ni. Ọ̀sán gangan ni, lójú ogunlọ́gọ̀ èèyàn, tí orin ń dún lẹ́yìn yín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí mo mọ̀ pé ìran yín kì í gbọ́ "má ṣe é" láì béèrè ìdí.

Ilẹ̀ etí òkun Èkó kì í rọra wọ inú omi. Ó ń já ni. Ìṣísẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ilẹ̀ ti tán lábẹ́ ẹsẹ̀. Ìgbì ibẹ̀ kì í fọ́ sí òkèèrè kó tó rọra dé ọ̀dọ̀ yín. Ìdí ẹsẹ̀ yín ló ti ń fọ́. Yóò wọ́ iyanrìn kúrò lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ yín. Ẹ óò ṣubú. Kí ẹ tó dìde, ìgbì kejì ti dé. Kí ẹ tó mí, ẹ̀kẹta ti dé. Ìgbà òjò ló máa ń burú jù. Ẹ má sì wo ojú ọ̀run kí ẹ ní oòrùn ń ràn. Ìjì tó bí ìgbì yẹn lè ti jà ní ìsàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà sí Èkó, ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn. Ojú ọ̀run á mọ́ kedere, inú òkun á ti bàjẹ́.

Èyí kò tíì jẹ́ nǹkan. Ẹ gbọ́ èyí tó ń pa àwọn tó mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Omi tí ìgbì ń tì wá sí etí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ padà. Kì í gba ibi gbogbo padà. Ó máa ń wá ojú ọ̀nà tóóró kan láàrin ìgbì, á kóra jọ síbẹ̀, á sì sáré padà sínú òkun. Ojú ọ̀nà yẹn gan-an ni ẹ máa ń yàn. Ìdí ni pé ìgbì kì í sáábà fọ́ níbẹ̀. Ẹ wo ọ̀tún, omi ń hó. Ẹ wo òsì, omi ń hó. Àárín dákẹ́. Ẹ wá sọ fún ara yín pé ibi tó dára láti wẹ̀ nìyí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ bojú wẹ̀yìn, ẹ rí i pé àtíbàbà tí ẹ ti kúrò ti kéré. Ẹ kò wẹ̀ lọ síbẹ̀. Omi ló ń gbé yín lọ.

Ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe nígbà yẹn ló ń pa wọ́n. Wọ́n á kọjú sí etí ilẹ̀, wọ́n á fi gbogbo agbára wẹ̀. Omi náà yára ju èèyàn lọ. Ó yára ju ẹni tó gba ẹ̀bùn níbi ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ lọ. Á rẹ apá, á rẹ ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ á parí. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé òmùwẹ̀ ní í bódò lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ á bẹ̀rù, á dúró sórí iyanrìn. Ẹni tó kọ́ ọ níbi odò ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìlọrin ló ń bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì.

Tó bá mú yín, ẹ má bá a jà. Ẹ dojú kọ òkè, ẹ léfòó, ẹ mí. Ẹ na ọwọ́ sókè kí wọ́n rí yín. Tí agbára bá wà, ẹ wẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí etí ilẹ̀ wà lápá kan yín, títí ẹ ó fi kúrò nínú ọ̀nà tóóró náà. Ibi tí ìgbì ti ń fọ́ ni kí ẹ wá gbà padà, nítorí ìgbì níbẹ̀ ń ti nǹkan wálẹ̀. Ohun tó ń ba yín lẹ́rù ni yóò gbé yín wá sílé. Ohun tó dákẹ́ ló fẹ́ pa yín.

Ẹ sì gbàgbé ohun tí fíìmù kọ́ yín. Ẹni tó ń rì kì í pariwo. Ẹnu rẹ̀ ń wọ inú omi, ó ń jáde, kò rí àyè mí, áńbọ̀sì kó ké. Ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ omi mọ́lẹ̀, kò lè jù ú sókè. Ẹ óò máa wò ó, ẹ óò rò pé ó ń ṣeré. Kì í tó ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí ẹ bá mọ̀, ẹ má bẹ́ wọlé lé e lórí. Yóò fi yín ṣe àkàbà, ẹ̀yin méjèèjì yóò sì lọ. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé dáadáa máa ń léfòó. Ẹ jù ú sí i. Ẹ ju okùn, ẹ ju pákó, ẹ pe àwọn tó ń ṣọ́ etí omi. Tí ẹ bá dé etí òkun kan tí ẹ kò rí ẹnì kankan tó ń ṣọ́ ọ, kò sí ìdí tí omi fi gbọ́dọ̀ kọjá ọrùn ẹsẹ̀ yín. Tí ẹ bá rí àsíá pupa, ẹ máa jẹ súyà yín, ẹ máa wo omi láti òkèèrè.

Ọ̀rọ̀ ọtí ńkọ́? Ọtí tí ẹ kò jẹ́ dán wò ní Pàkátà, ẹ ń lọ mu ún létí òkun nítorí pé àlùfáà kò sí níbẹ̀. Òkun wà níbẹ̀. Ẹni tó mutí kò mọ ìgbà tí omi kọjá itan rẹ̀.

Ẹ̀yin kan á tún ní àwọn mọ ẹṣin. Òótọ́ ni, ẹ ti rí i bí wọ́n ṣe ń sá a níwájú Ẹ́míà lásìkò Iléyá. Ẹṣin tí wọ́n ń yá èèyàn gùn létí òkun Èkó kì í ṣe ẹṣin ààfin. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ariwo orin ti sọ ọ́ di onínúfùfù, kò sì mọ̀ pé ẹṣin ni wọ́n fi ń yin baba yín. Ẹ fi í sílẹ̀.

Tí àwọn òbí yín bá gbé Èkó rí, wọn yóò sọ̀rọ̀ Bar Beach, etí òkun Victoria Island, fún yín. Ẹ béèrè ibi tó wà lónìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ìjọba amúnisìn kó òkúta sínú òkun lẹ́nu èbúté Èkó kí ọkọ̀ ńlá lè máa ráyè wọlé. Òkúta náà dá iyanrìn tó ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ dúró. Ẹ̀gbẹ́ kan rí iyanrìn gbà, etí òkun Lighthouse ń gbòòrò. Ẹ̀gbẹ́ kejì kò rí nǹkan kan gbà, òkun wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Victoria Island díẹ̀díẹ̀. Ó jẹ ilẹ̀ tó ju kìlómítà kan lọ. Ìgbà tí wọ́n kó iyanrìn tuntun dà síbẹ̀, tí wọ́n mọ ògiri yí i ká, tí wọ́n pè é ní Eko Atlantic, ni wọ́n tó dá a dúró. Àwọn ará Okun Alfa, lọ́nà Lekki, sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ni omi náà wá kọjú sí. Ilé wọn ti bá omi lọ. Ọ̀nà wọn ti bá omi lọ.

Ní oṣù Kẹjọ 2012, òkun yọ lójijì ní Kuramo, ní Victoria Island. Ó gbé èèyàn lọ pẹ̀lú ilé pákó tí wọ́n ń gbé. Ìjọba lé àwọn tó kù kúrò, wọ́n sì wó gbogbo rẹ̀. Àwọn tó lọ yẹn kò lọ lúwẹ̀ẹ́. Wọn kò lọ ya fídíò. Òkun ló wá bá wọn nílé. Ẹ̀yin wá ń ti Ìlọrin gbéra, ẹ ń san owó ọkọ̀, ẹ ń lọ bá a.

Ẹnì kan yóò gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kúkú lọ sí Tarkwa Bay. Ìmọ̀ràn tó dára ni. Òkúta èbúté tí mo sọ yẹn ló dáàbò bo ibẹ̀, omi rẹ̀ sì rọ̀ ju ti Elegushi tàbí ti Lekki lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń débẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Ẹ̀yin ará Kwara, mélòó nínú yín ló ti gbàgbé Pàtígì? Oṣù Kẹfà 2023 ni, kò tíì pẹ́. Àwọn èèyàn wa lọ ibi ìgbéyàwó ní Ẹgbótì, ní ìpínlẹ̀ Niger. Òjò ba ọ̀nà jẹ́. Wọ́n kó ara wọn sínú ọkọ̀ ojú omi kan lóru láti padà sílé. Wọ́n pọ̀ ju ohun tí ọkọ̀ náà lè gbé lọ. Kò sí láìfù-jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn wọn. Ọkọ̀ náà kọlu igi lábẹ́ omi, ó fọ́. Àwọn tó kú lé ní 100. Ìpínlẹ̀ wa ló ti ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ń gbé etí odò Ọya láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n, wọ́n mọ omi, ó sì pa wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n wá ń bọ́ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì nítorí pé kò bá aṣọ yín mu nínú fọ́tò.

Àwọn nǹkan tó wà ní Pàtígì lóru ọjọ́ yẹn wà ní ọ̀sà Èkó títí di òní. Igi gẹdú ń léfòó lábẹ́ ojú omi. Ewéko omi ń wé mọ́ ẹ́ńjìnnì, á dá a dúró láàrin ọ̀nà ọkọ̀ ńlá. Ọkọ̀ tó ń wa iyanrìn dúró láì tan iná. Òfin kò gbà kí ọkọ̀ èrò rìn lálẹ́ lórí omi Èkó, LASWA àti NIWA, àwọn àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀nà omi, ń pariwo rẹ̀ lójoojúmọ́, síbẹ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ ń jí i rìn. Ní oṣù Keje 2022, ọkọ̀ kan gbéra ní Mile 2 nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú. Kò gbé àwọn èrò rẹ̀ dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Nítorí náà, ẹ lọ sí èbúté tí ìjọba mọ̀: ti CMS, ti Falomo, ti Ebute Ero, ti Ikorodu. Ẹ má wọ ọkọ̀ tí ọmọkùnrin kan ń pè yín sí lábẹ́ afárá. Ẹ wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ de gbogbo okùn rẹ̀. Ó ń rùn. Mo mọ̀. Òkú omi ń rùn jù ú lọ. Ẹ má jókòó lé e nítorí kí aṣọ yín má bàa dọ̀tí. Ẹ wọ̀ ọ́ sórí agbádá, ẹ wọ̀ ọ́ sórí jálàbíà, ẹ wọ̀ ọ́ sórí híjáàbù, ẹ má wọ̀ ọ́ sábẹ́. Èyí tí kílíìpù rẹ̀ ti ṣẹ́ kì í ṣe láìfù-jákẹ́ẹ̀tì mọ́, àkísà ni. Tí ọlọ́kọ̀ bá ní òun yóò fún yín tí omi bá ru, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Tó bá ń fi èrò kún èrò, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Tí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹ má tilẹ̀ wọlé. Owó tí ẹ ti san kò tó ohun tí a ń torí rẹ̀ kú. Ẹ̀rín tí wọ́n máa fi yín rín ní èbúté kò tó o.

Ó ku omi kẹta, èyí tó ń wá bá yín láti òkè. Òjò Èkó kì í ṣe òjò Ìlọrin. Oṣù Kẹfà àti oṣù Keje ni ó máa ń le jù, á sinmi díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, á sì tún padà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 2011, òjò ọjọ́ kan ṣoṣo sọ àdúgbò di odò, ó sì pa èèyàn. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ga ju òkun lọ púpọ̀, omi kò rí ibi tó máa ṣàn sí, á bo títì mọ́lẹ̀. Ẹ óò rí omi tó dọ́gba láti ògiri dé ògiri. Ẹ kò ní rí gọ́tà tó wà lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ti jí ìdérí rẹ̀ tà. Ẹ kò ní rí kànáàlì. Ẹni tó ń rìn níwájú yín ń gbé àdúgbò náà, ó mọ ibi tó ń fi ẹsẹ̀ sí. Ẹ̀yin kò mọ̀. Ẹ dúró. Ẹ dúró sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ dúró sí mọ́sálásí, kí omi fà. Ẹ jìnnà sí òpó iná. Ìdajì ọjọ́ kan tí ẹ fi dúró kò ní ba ìrìn àjò yín jẹ́. Gọ́tà yóò bà á jẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń sọ lọ́kàn ara wọn pé àwọn kò ní lọ sí ibi omi kankan, ọjà Balógun ni àwọn ń lọ, ìyàwó àbúrò àwọn ló bímọ. Ó dára. Ẹ̀yin náà, ẹ gbọ́. Ewu tiyín sún mọ́ yín ju ti àwọn tó ń lọ sókun lọ. Ó ti wà ní gáréèjì nílẹ̀ yìí, ó ń dúró de wákàtí tí ẹ máa gbéra.

Láti Ìlọrin sí Èkó jẹ́ nǹkan bíi 300 kìlómítà, ẹ óò gba Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ óò gba Ọ̀yọ́, ẹ óò gba Ìbàdàn. Ẹ kírun àsùbá, kí ẹ gbéra. Ẹni tó bá gbéra lọ́sàn-án, alẹ́ ni yóò dé. Ẹni tó dé lálẹ́, ó dé sí Berger tàbí Òṣòdì nígbà tí àwọn ọkọ̀ gidi ti ń lọ sílé. Ọkọ̀ tó kù ni yóò wọ̀. Ọkọ̀ tó kù ni wáńṣáńsì, àwọn olè tó ń fi ọkọ̀ èrò ja èèyàn lólè, ń lò. Dáńfó yóò dúró. Èrò mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti wà nínú rẹ̀, obìnrin kan wà láàrin wọn kí ọkàn yín lè balẹ̀. Kọ̀ndọ́ yóò pe ibi tí ẹ ń lọ gan-an, owó rẹ̀ yóò dín. Àyè kan ṣoṣo ló kù, àárín sì ni. Wọn yóò ti ilẹ̀kùn. Kò sí èrò nínú ọkọ̀ yẹn àyàfi ẹ̀yin. Gbogbo wọn ló mọ ara wọn. Wọn yóò gba fóònù, wọn yóò gba káàdì báǹkì, wọn yóò lù yín títí ẹ ó fi sọ nọ́ńbà rẹ̀. Wọn yóò kó owó yín láti orí fóònù yín kí ilẹ̀ tó mọ́. Tí wọ́n bá ṣàánú yín, wọn yóò tì yín sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń sáré. Àánú nìyẹn.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin Alhaja tí ẹ ń ní kí ọmọ wọ ọkọ̀ alẹ́ kó má bàa pàdánù iṣẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀dọ̀ yín ni n ó ti bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá ní kí n mú ẹlẹ́ṣẹ̀.

Inú gáréèjì ni kí ẹ ti wọ ọkọ̀ ní Èkó, ẹ má wọ̀ ọ́ lẹ́bàá títì. BRT wà láti 2008, káàdì Cowry ni wọ́n fi ń san owó rẹ̀. Ẹ rà á. Reluwé aláwọ̀ búlúù ń gbé èrò láti Mile 2 dé Marina láti oṣù Kẹsàn-án 2023, ó ń gba orí omi kọjá sí Erékùṣù. Aláwọ̀ pupa ń ti Agbado dé Oyingbo. Kò sí kọ̀ndọ́ wáńṣáńsì nínú reluwé. Tí alẹ́ bá ti lé yín bá lójú ọ̀nà, ẹ sùn sí Ìbàdàn. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá ti wọ ìgboro, ẹ jìnnà sí tírélà. Mo mọ̀ pé ó ń kọjá ní Ìlọrin náà. Ti Èkó ń gbé kọ̀ńténà láti Apapa, ọ̀pọ̀ kọ̀ńténà yẹn ni wọn kò dè mọ́lẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2023, ọ̀kan já bọ́ láti orí afárá Ojúẹlẹ́gba lé ọkọ̀ èrò lórí. Èèyàn 9 kú. Ibẹ̀ kan náà ni òmíràn ti já bọ́ ní 2015. Tí awakọ̀ yín bá ń bá tírélà du ọ̀nà, ẹ bú u. Tí ọkọ̀ yín bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ afárá, ẹ ní kó sún síwájú tàbí kó sún sẹ́yìn.

Ẹ gba orí afárá ẹlẹ́sẹ̀. Ó ga, ó jìnnà, oòrùn ń mú. Ẹ gbà á. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń pa àwọn tó ń kánjú, ibẹ̀ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń mú àwọn tí ọkọ̀ kò pa. Ọ̀kadà tí ẹ ń gùn láti Post Office dé Challenge láì ronú, wọ́n fi òfin dè é láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 2022 ní Erékùṣù Èkó, Eti-Osa, Ikeja, Surulere, Apapa àti Lagos Mainland. Ẹni tó wà á wọ gàù, ẹni tó gùn ún wọ gàù. Ẹ má sọ pé Ìlọrin ni ẹ ti wá. Wọ́n ti gbọ́ ọ rí.

Ẹ má gbé fóònù sí ojú fèrèsé dáńfó. Ẹ má san owó ilé tí ẹ kò tíì fi ojú ara yín rí, bó ti wù kí fọ́tò rẹ̀ dára tó. N kò ní pẹ́ lórí ìwọ̀nyẹn. Owó lásán ni wọ́n ń gbà, owó sì ṣeé wá padà.

A máa ń wí pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Èyí ń pa ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ọdọọdún ló ń pa wọ́n, pàápàá nínú oṣù Kejìlá àti lásìkò Iléyá, nígbà tí gbogbo ayé ń lọ gbádùn. Wọ́n ti gbọ́ ọ, gbogbo wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ìyá rẹ̀ kò kìlọ̀ fún. Wọ́n gbọ́, wọ́n ní àwọn ti gbọ́, wọ́n sì lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe ohun tí wọn kò ṣe, iṣẹ́ méjì ló wà tí ẹ lè ṣe kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní. Ẹ kọ 767 àti 112 sínú fóònù; nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ wá bébà. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ máa dé sọ́dọ̀ rẹ̀ sí i, àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ gbogbo ẹni tí ẹ jọ ń lọ, àti etí òkun tí ẹ ní lọ́kàn. Ẹ fún ìyá yín kó tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ọjọ́ tí fóònù yín bá bá yín lọ sínú omi, orí bébà yẹn ni a óò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá yín.